Igbó Orí Òkè àti Òjò Dídì Tó Ń Ya Lulẹ̀

Àwọn tó ṣètò ọjọ́ òní mọ̀ pé bí olùkọ́ tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí bá ti dé orí ọ̀rọ̀ igbó àwọn òkè Alps, ó ṣòro láti dá a dúró. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́.

Àlàyé ìpìlẹ̀ kò ní pẹ́. Ìpele-ìpele ni òjò dídì ń kó jọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bí ìpele kan kò bá di èkejì mú dáadáa, ti òkè lè já, kó sì ya wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tó bá pàdé lọ́nà. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà tó ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ni irú ìyalulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka jọ́gíráfì mọ ìyókù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìyalulẹ̀ ni iṣẹ́ igi wà. Orí igi spruce máa ń gba òjò dídì dúró. Apá kan nínú rẹ̀ á fò lọ bí oru, ìyókù á máa já bọ́ ní ìṣù-ìṣù, á sì da ohun tó wà nílẹ̀ rú, tí ìpele kan kò fi ní tẹ́ lọ gbọọrọ. Òtútù òru kì í mú abẹ́ igi tó bó ṣe ń mú ìta gbangba, nítorí náà ìrì dídì tó máa ń di ìpele aláìlágbára kì í ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀. Ìdí igi pàápàá ń kan òjò dídì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyalulẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè réré, níbi tí igi kì í hù, tó sì ti sáré dáadáa kó tó dé inú igbó, igi á ṣẹ́, á sì di ara ẹrù tó ń bọ̀ wá bá ìlú.

Ibí ni ìjà àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní irin ni gbogbo rẹ̀: kí wọ́n to ọgbà irin sí orí òkè, kí igbó máa ṣe ẹwà lọ. Àwọn mìíràn ní kí a ṣáà ti gbin igi, ibi yòówù kó jẹ́. Olùkọ́ yìí kò gbà fún ìhà méjèèjì, bí orí wọn sì ti le tó ni orí tirẹ̀ náà le.

Ẹ wo Andermatt ní Switzerland. Ọdún 1397 ni ìwé àṣẹ ti jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi inú igbó tó wà lórí òkè ìlú náà. Àfonífojì Ursern tí ìlú ọ̀hún wà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní igbó mìíràn, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ti eré. Àwọn tí igi ìdáná wọ́n lójú wọn ló fi ẹnu ara wọn sọ igbó náà di èèwọ̀, wọn kò dúró de ìjọba kankan. Kò sí ìwé tí olùkọ́ yìí ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ jù ú lọ. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ti gbọ́ ọ títí etí wọn fi kún.

Nígbà náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onírin á dìde. Wọ́n á ní: ní January 1951, ṣé kì í ṣe Andermatt yìí kan náà ni ènìyàn 13 ti kú? Òótọ́ ni. Ìyalulẹ̀ ìgbà òtútù náà pa ènìyàn 98 káàkiri Switzerland, Vals nìkan sì sin òkú 19. Ṣùgbọ́n igbó kan lókè ìlú kò lè dá ohun tó ń bọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ dúró, àwọn ìyalulẹ̀ ńlá sì sábà máa ń ti òkè ibi tí igi parí sí wá. Lẹ́yìn ọdún náà ni wọ́n kó irin lọ sí orí òkè gan-an. Lónìí, ọgbà irin náà káàkiri Switzerland ti tó bí i 500 kìlómítà. Nígbà tí òjò dídì ńlá mìíràn dé ní February 1999, ènìyàn 17 ló kú ní Switzerland. Onírin ní irin ló ṣe é. Ṣé irin nìkan ni? Ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí òjò dídì ní Davos ńkọ́, àwọn ọ̀nà tí wọ́n tì ńkọ́, igbó tó bo ibi tí irin kò dé ńkọ́? Irin hẹ́kítà kan lè jẹ tó mílíọ̀nù kan franc. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn rọ́pò gbogbo igbó?

Ìbáwí àwọn agbingi ló kàn, àwọn tó ń gbin igi nítorí àwòrán ìwé ìròyìn, tí wọn kì í padà wá bu omi sí i. Ní 1975, àwọn olùwádìí gbin igi 92,000 sí Stillberg nítòsí Davos, oríṣi mẹ́ta. Larch, ọ̀kan nínú wọn, rọ́jú. Púpọ̀ nínú àwọn méjì yòókù kú, nítorí níbi tí òjò dídì ti pẹ́ kó tó yọ́, olú tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ jẹ wọ́n run. Òjò dídì náà ń yan igi tó máa hù. Larch sì rèé, ó ń wọ́wé nígbà òtútù, agbára rẹ̀ láti gba òjò dídì dúró kò tó ti spruce.

Igbó èèwọ̀ pàápàá ń darúgbó. Bí wọn kò bá gé díẹ̀ kí oòrùn lè wọlé, ọmọ igi kò ní hù. Bó bá sì hù, ìgalà á jẹ ẹ́.

Nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà, àkókò ti ń lọ, a ó kàn fọwọ́ bà á. Ìjì Vivian ti 1990 àti Lothar ti December 1999 wó igi lulẹ̀ rẹpẹtẹ, kòkòrò tó ń jẹ èèpo spruce sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn igi tí wọ́n fi sílẹ̀ ní wíwó bẹ́ẹ̀ ṣì ń di òjò dídì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n á fi jẹrà. Ní 2003, iná jó nǹkan bí 300 hẹ́kítà igbó lókè ìlú Leuk ní Switzerland.

Ìwádìí òkè Vosges ní Faransé, tó jáde ní 2021, fi hàn pé ìyalulẹ̀ ti dín kù bí ooru ṣe ń pọ̀. Ti Himalaya ní Íńdíà, tí wọ́n kà lára ọgbẹ́ tó wà nínú òrùka igi, tó sì jáde ní 2018, ní ó ń pọ̀ sí i. Wọn kò tako ara wọn: níbi tó rẹlẹ̀, òjò dídì kò tó mọ́; níbi tó ga, ó ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n omi ti ń wọ inú rẹ̀.

Alága ti ń wo aago. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa igi alder tó ń tẹ̀ láìṣẹ́, kó bèèrè nígbà ìbéèrè.