Kẹ̀kẹ́ Wa, Ìlérí Yín àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Òrukàn

(Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin bá ìpàdé sọ)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá, Ẹni tó mú wa lọ tó sì mú wa bọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i.

Alága ní kí a wá sọ bí ìrìn àjò náà ti rí, kí a sì dáhùn ìbéèrè tí àwọn àgbà bi wá kí a tó lọ: kí ló dé tí ẹ ò kúkú dá owó jọ, kí ẹ sì jókòó sílé yín? Ìbéèrè gidi ni.

Àwa ọ̀rẹ́ méje la gbéra. Bí àwa méje bá dá owó, ohun tó wà lápò àwa méje náà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní a ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìbàdàn, gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, dé Ìlọrin, nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn tí kò wá sí ìpàdé wa rí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí a ń wá lọ. Ẹni tó bá bèèrè, a ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn fún un. Ẹnì kan ṣèlérí náírà 10 lórí kìlómítà kan, èyí jẹ́ náírà 1,600. Ẹlòmíràn ṣèlérí náírà 100, èyí jẹ́ náírà 16,000. Irú èyí kò ṣàjèjì láàárín Mùsùlùmí. Ní ọdún 2017, àwọn Mùsùlùmí mẹ́jọ gun kẹ̀kẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Mẹ̀dínà ṣáájú Hájì, wọ́n ń wá owó fún àwọn tí ogun Síríà ṣe ní jàǹbá.

Ìrìn àjò wa kò rọrùn. Ìgbà ọyẹ́ ni, apá òkè ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, apá ibẹ̀ náà la sì kọjú sí. A kí Àsùbáà tán n'Íbàdàn, a gbéra. Kí a tó dé Ọ̀yọ́, ètè wa ti là. Láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn wọn ń tì wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa fà, a ní kí ó wọ inú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wa. Ó kọ̀. A wá pinnu pé òun ni kó máa ṣíwájú, kí gbogbo wa máa tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àwa méje la jọ dé. Bí ó ṣe yẹ kí ìtọ́jú ọmọ òrukàn rí nìyẹn: ẹni tó rẹ̀ jù la fi ń díwọ̀n ìrìn.

Níbi tí a ti dúró tún táyà tó jò ṣe, ìyá kan tó ń ta ọsàn bi wá pé níbo là ń lọ. A sọ fún un. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fún wa ní náírà 200, ó ní kí a fún àwọn ọmọ náà. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Náírà 200 yẹn wà nínú ìwé owó wa lónìí, lórí ìlà tirẹ̀. A kò fi ra omi.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin la fẹ́ fi sílẹ̀.

Èkíní: Sàká kì í dúró de kẹ̀kẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún òṣùpá kan sì yí lé e lórí, ìdá kan nínú 40 ni yóò yọ, à báà gun kẹ̀kẹ́, à báà sùn. Ìlérí lórí kìlómítà, sàárà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí tirẹ̀ jẹ́ Sàká, kí ó dá àníyàn rẹ̀ kí ó tó san án, kí ó sì sọ fún akápò, nítorí ìwé ọ̀tọ̀ la fi ń kọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́jọ tí Súrátù Taobah, áyà 60, là sílẹ̀ nìkan ni Sàká ń gbà. A kò dárúkọ ọmọ òrukàn nínú mẹ́jọ náà. Àìní rẹ̀ ló ń mú un wọ̀ ọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ilé mẹ́ta sílẹ̀ fún, ìtọ́jú àti ìfẹ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe Sàká.

Èkejì: oúnjẹ wa, táyà wa, epo ọkọ̀, àpò ara wa la ti san án. Ìkìlọ̀ tó wà nínú Súrátù Nisáì, áyà 10, lórí jíjẹ owó ọmọ òrukàn, kò yọ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta: a kò kó àwọn ọmọ jáde fún fọ́tò. Àwọn kan ní bí aráyé bá rí ojú wọn, owó á pọ̀ sí i. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò padà sí kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fi fọ́tò yẹn bú u. Kẹ̀kẹ́ wa la fi polówó, kì í ṣe omijé wọn. Àwa fúnra wa sì ń tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò níbi ṣe-ká-rí-mi.

Ẹ̀kẹrin, òun ló gbé wa wá: ìlérí. A ti dé Ìlọrin, kìlómítà ti pé. Àwọn kan ti san, kí Ọlọ́hun san wọ́n lẹ́san rere. Àwọn kan kò tíì san. Owó ilé ìwé sáà tuntun ti délẹ̀, akọ̀wé ilé ìwé kì í sì í gba ìlérí. Ẹ lọ wo Súrátù Isráì, áyà 34: inú áyà kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun ti mẹ́nu ba dúkìá ọmọ òrukàn àti mímú àdéhùn ṣẹ. Ẹni tí nǹkan ti yí padà fún lẹ́yìn tó ṣèlérí, kí ó bá akápò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. A kò ní dójú tì í. Ẹni tó ní i lọ́wọ́, kí ó rántí ìyá ọlọ́sàn. Kò ṣèlérí. Ó san.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere, kí Ó fi àlùbáríkà sí ohun tó kù lọ́wọ́ yín, kí Ó má sì sọ ọmọ wa di aláìní olùtọ́jú. Àmín.