Ẹsẹ̀ Kẹtàlá: Ọ̀rọ̀ Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Níbi Ìpàdé



Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbọ́ tó ń dún lẹ́ẹ̀kan yẹn, síkúẹ́ńsà ló ń jẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi tò ó. IC mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀: 555 kan ń lu bí agogo, 4017 ń ka ìlù náà, 555 kejì ń kọrin. Bí 4017 ṣe ń kà, ó ń gbé iná fún ẹsẹ̀ mẹ́wàá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní fọ́lúùmù tiẹ̀. Bá a bá ṣe yí i lohùn á ṣe ròkè tàbí kó wálẹ̀. Bátìrì 9V kan ti tó o.

Fóònù lè ṣe é, òótọ́ ni. Àmọ́ fóònù ò ní jẹ́ ká rí inú iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ̀rọ yìí fi kọ̀, tí ò kà. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà wò ó, wọ́n ní: "Ẹsẹ̀ kẹtàlá 4017 yìí ńkọ́? Kò wọ gíráǹdì." A so ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bàbá yìí ò ní ọmọṣẹ́ kankan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fún wa ní gbogbo Sátidé, kí ẹgbẹ́ sì máa fún wọn ní nǹkan, kí wọ́n kọ́ wa. Rédíò tó bàjẹ́ nílé yín, ẹ má jù ú nù. Ibẹ̀ la ó ti yọ fọ́lúùmù.