Ibi Tí Gàrí àti Aṣọ Wa Ti Wá

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá àwọn ọ̀dọ́ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi ní ilé pé kí n bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ìwà rere ni ó ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo dá a lóhùn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi ní ilé ẹ̀kọ́ títí ó fi sú wọn, kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí gàrí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ ju àwọn tí ó tètè dé lọ. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ó dá wọn dúró. Wọ́n fi ohùn kan dáhùn pé, "Aswani ni, sà." Mo ní kí ni à ń pè ní Aswani? Wọ́n ní ọjà ni. Mo tún bèèrè pé ta ni ó sọ ọjà náà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní orúkọ ọba kan ní ìgbà láéláé ni. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní irú aṣọ òkìríkà kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn wí. Bí kì í bá ṣe pé ilé tí a bí mi sí kò jìnnà sí ibẹ̀, èmi náà kì bá tí mọ̀ ọ́n.

Aswani kì í ṣe ọba. Orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá kan tí ó wà ní Ìsọlọ̀ ni, irú orúkọ tí àwọn ìdílé Sindhi láti ilẹ̀ Íńdíà máa ń jẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Sindhi ti ń ṣòwò ní Èkó. Ọdún 1923 ni ilé-iṣẹ́ Chellarams dé sí ìlú náà. Ẹ̀rọ Aswani kò dún mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Afprint, tí ó wà lẹ́bàá òpópónà Oṣòdì sí Àpápá, kò tẹ aṣọ mọ́. Ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó jogún orúkọ náà. Aṣọ tuntun ni ó sọ orúkọ yìí di ńlá. Nísinsìnyí, bí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí Aswani, ó lè jẹ́ aṣọ tí àwọn ará ìlú òkèèrè ti wọ̀ rí ni ó ń lọ rà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kí ọmọ kan máa mú ohun kan tí wọ́n ń lò ní ilé wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo kíláàsì sì wádìí ẹni tí ó ṣe é, ibi tí ó ti ṣe é, àti bí ó ti ṣe é. Ọmọ kan mú pákẹ́ẹ̀tì omi èso Chivita wá. A kò rìn jìnnà kí a tó rí ìdí rẹ̀, nítorí pé Ajao Estate ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Òmíràn mú parasítámọ̀ Emzor wá, ìyẹn náà kò kọjá Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n gàrí ni ó gbà wá ní àkókò jù, òun ni n óò sì fi àkókò sí.

Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ gàrí mu. Síbẹ̀, nígbà tí mo bèèrè pé èéṣe tí a kì í fi yan ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ tí a bá rin ín, kẹ́kẹ́ pa. Mo rán wọn lọ bá àwọn ìyá wọn àgbà. Wọ́n mú ìdáhùn méjì bọ̀: àwọn kan ní kí ó lè kan ni, àwọn mìíràn ní kí oró rẹ̀ lè jáde. Òótọ́ ni méjèèjì. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù tí ó lè pa ènìyàn. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a dì í sínú àpò, tí a sì gbé òkúta lé e lórí, omi ara rẹ̀ a máa ro, oró náà a máa tú. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, iná abẹ́ agbada ni yóò lé e lọ. Ní ọdún 1959 àwọn onímọ̀ méjì, Collard àti Levi, kọ ọ́ sínú ìwé Nature pé ìpele méjì ni kíkan ẹ̀gẹ́ ní. Irú kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ di kíkan. Nígbà tí ó bá kan dé ìwọ̀n kan, irú mìíràn a gba iṣẹ́ náà, òun ni ó sì ń fún gàrí ní òórùn àti adùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ìyá wa kò rí kòkòrò wọ̀nyí rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sìn wọ́n láti ìran dé ìran.

Ibo wá ni a gbé ọgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí dé, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ̀yin ará Oṣòdì, ní ẹ̀yìnkùlé yín ni. Bí ẹ bá yà kúrò lójú ọ̀nà Agége, tí ẹ gba òpópónà tí à ń pè ní Blind Centre, ẹ óò rí ọgbà ńlá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọjá lójoojúmọ́ láìyọjú wò ó. Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FIIRO. Ọdún 1956 ni a dá a sílẹ̀, kí a tó gba òmìnira, lẹ́yìn tí àwọn aṣojú Báńkì Àgbáyé tí wọ́n wá yẹ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa wò ní ọdún 1953 ti gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí ó ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde àti ohun tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi ọwọ́ ṣe, kí ó sì wá bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu.

Gàrí wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀gbẹ́ni I. A. Akinrele, ọmọ ilẹ̀ wa, kọ ìwé lórí bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan ní ọdún 1964. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé bí a bá bu omi ẹ̀gẹ́ tí ó ti kan sí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, kò ní í gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́, nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi ròyìn èyí fún ìyá rẹ̀ àgbà tí ó ń ta ògì. Màmá ní, "Ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé tí ó tó bẹ́ẹ̀? Ìyá mi a máa bu omi ògì àná sí ti òní." N kò rí èsì fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ń fi àwọn onímọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mọ ohun tí yóò ṣe, onímọ̀ ń wá ìdí rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹni tí kò bá ìyá jókòó ní ìdí agbada rí lè ṣe é kí ó sì dára. Ohun tí ó tilẹ̀ ṣòro fún ẹ̀rọ jù ni bíbó, nítorí pé kò sí ẹ̀gẹ́ méjì tí ó rí bákan náà. Títí di òní, bí ẹ bá dé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹ óò bá ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń rin ín, ẹ óò sì bá àwọn obìnrin pẹ̀lú ọ̀bẹ níbi tí wọ́n ti ń bó o.

Ní Oṣòdì kan náà ni wọ́n ti po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, ní nǹkan bí ọdún 1970, kí ògì tí à ń fún ọmọ ọwọ́ lè gbé ara ró. Èmi pẹ̀lú mu ún ní kékeré, bí ìyá mi ti sọ fún mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ kí ó na ọwọ́. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni ó mú wa dé ìdí aṣọ. Ìyá àgbà ọmọ kan nínú kíláàsì mi, tí ó jẹ́ ará Abẹ́òkúta, sọ fún wọn pé láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí a fi ń ya àrà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ kí a tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mú un. Aṣọ funfun tí wọ́n ń ya àrà sí náà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Òyìnbó ni ó ti ń wá. Ẹ ò ri pé ohun tí à ń pè ní ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ̀rọ ti ní ọwọ́ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì náà kẹ́kọ̀ọ́ ànkárá láti ara aṣọ àwọn ará Java, wọ́n sì gbé e wá sí etíkun wa. Lẹ́yìn òmìnira, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ní àkókò kan láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Nàìjíríà ju 100 lọ. Ẹ mọ bí ó ti parí: iná mànàmáná tí kò dúró, epo tí ó wọ́n, òwò fàyàwọ́ tí ó ń gbé aṣọ olówó pọ́ọ́kú gba ẹnubodè wọlé.

Nísinsìnyí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti po aró fún ilé-iṣẹ́ aṣọ kan fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. N kò ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo mú ọmọ mẹ́jọ lọ kí i. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde tí ó fi bébà símẹ́ńtì dì. Nínú rẹ̀ ni ó lẹ àjákù aṣọ mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì kọ sí abẹ́ wọn ìwọ̀n aró tí ó pò, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti orúkọ tí àwọn ìyá ọjà fún àwòrán náà. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé ní òru, òórùn aró ni òun fi ń mọ̀ bóyá ó ti jinná, nítorí pé iná ilé náà kò mọ́lẹ̀ tó láti fi ojú mọ àwọ̀. Ọmọbìnrin tí ó ní òkìríkà ni Aswani kò gbé ojú kúrò lára ìwé náà. Ó bèèrè bóyá òun lè wá dà á kọ. Bàbá ní kí ó wá nígbàkúùgbà.

Èmi ni mo ní kí a dúró kí ìdánwò kọjá. Ìdánwò kọjá, ìsinmi dé, mo ní kí a dúró kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Nígbà tí a ó fi padà lọ, a bá ilẹ̀kùn ní títì. Bàbá ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó ẹrù yàrá kúrò kí wọ́n lè fi ilé rẹ́ǹtì, ìwé náà sì wà lára ohun tí wọ́n dáná sun. Wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. N kò bínú sí wọn. Ọmọbìnrin náà kò sọ ohun kan sí mi ní ojú ọ̀nà títí a fi dé ilé ẹ̀kọ́, mo sì mọ ohun tí ìdákẹ́ rẹ̀ ń sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ fẹ́ fi owó tí ó ṣẹ́kù lọ́dún yìí ra àga tuntun fún gbọ̀ngàn. Àga dára, ẹ̀yìn ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó náà fún ìwé àkọsílẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí a sì fún wọn ní yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí a ń kó ìlù àti àsíá sí. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, ní ilé ìtẹ̀wé, ní ilé-iṣẹ́ oògùn, tàbí ní ìdí ọkọ̀ ojú irin ní Oṣòdì, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wá bá òun jókòó. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gàrí, iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, tí ẹ ń ra gàrí wa ní Peckham, ó lè jẹ́ pé fọ́tò bàbá yín nínú aṣọ iṣẹ́, tàbí ànkárá ìgbéyàwó ìyá yín tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣì wà létí rẹ̀, wà nínú àpótí yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa.

Mo ti bá àwọn ọmọ sọ ọ́. Ní Sátidé tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá, a óò bẹ̀rẹ̀ láti ilé màmá kan ní Ìsọlọ̀ tí ó ti wà ní ìdí ẹ̀rọ òwú rí. Ọmọbìnrin náà ni yóò mú ìwé dání, òun ni ó sì mú ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé òun kò ní í dúró dè mí bí mo bá pẹ́.