Àgbà Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀: Èwo Ni Ká Pa Mọ́, Èwo Ni Ká Tú Kúrò?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni, agbókùnkùn-sáré, akérò-má-ráhùn, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa wọ̀ débí tí a kò sì bojú wò lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ó bá ṣàdédé dúró sáàárín ihò tí ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í bò wá.

Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá di arúgbó, tí àwọn aláṣẹ sì pinnu pé owó ọkọ̀ tuntun kò tíì sí, ṣùgbọ́n pé àwọn yóò tú inú rẹ̀ palẹ̀ kí àwọn sì tún un tò, kí ni ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti wà, kí sì ni ó yẹ kí wọ́n yọ dànù? Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ohun àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ìdè kan ṣoṣo lára rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà, pàápàá àwọn tó jókòó ti ìwé ìṣirò owó, tí wọ́n gbà pé páànù lásán ni ọkọ̀, ká ṣáà ti fi kó ènìyàn láti ibìkan dé ibòmíràn. Èmi kò bá àwọn ti ìṣáájú lọ, n kò sì bá àwọn ti ìkẹyìn dúró. Ìwà lẹwà, ìwà ọkọ̀ sì ni bí ó ti ń ṣe sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń ṣe èrò lóore, bó ti wù kó gbó tó, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá sì lè pa èrò lára, tàbí tó bá ti ẹnì kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bó ti wù kó dára lójú tó, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù, ẹ̀rí ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ irú ihò tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbà. Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863 ni wọ́n ṣí ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé, láti Paddington dé Farringdon, ọkọ̀ tó ń jẹ èédú tó sì ń tu èéfín ni wọ́n sì ń wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ìyẹn, láti òkè ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wálẹ̀ tí wọ́n sì bò ó padà. Àwọn tó jìn, irú ti ojú ìrìn Bakerloo tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1906, inú amọ̀ ni wọ́n lu wọ́n sí, ihò náà kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí òrùlé ọkọ̀ wọn fi tẹ̀ kọdọrọ, tí ẹni tó ga fi ní láti tẹ orí ba bó bá dúró ti ẹnu ilẹ̀kùn. Amọ̀ yìí tutù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí bíréèkì, mọ́tọ̀ àti ara ènìyàn ti ń da ooru sínú rẹ̀, ó sì ti mu ooru náà yó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru inú ọkọ̀ Bakerloo a máa kọjá 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá ń pariwo pé kí wọ́n ṣáà gbé ẹ̀rọ amúlétutù sínú ọkọ̀ àtijọ́, kó rántí pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í pa ooru, lílé ló ń lé e jáde, inú ihò kan náà ni yóò sì lé e sí.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ọdún 1972, tó ń ná ojú ìrìn Bakerloo láti Harrow and Wealdstone sí Elephant and Castle. Ẹ̀yin ará Peckham àti Old Kent Road mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yin tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò dé àdúgbò yín tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a ní Elephant. Ilé iṣẹ́ Metro-Cammell ní Birmingham ló kàn án, láàárín ọdún 1972 sí 1974. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé, kí wọ́n tó kàn án rárá ni ọkọ̀ ojú irin Victoria, tí wọ́n ṣí ní 1968, ti ń fúnra rẹ̀ sáré tó sì ń fúnra rẹ̀ dúró, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan péré ló wà níwájú rẹ̀ tó ń tẹ bọ́tìnì; àmọ́ ọkọ̀ 1972 yìí, tó jọ ọ́ bí ìbejì lójú, ènìyàn méjì ni wọ́n kàn án fún, awakọ̀ níwájú, gáàdì lẹ́yìn, ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn tó sì ń tì í. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti dàgbà.

Bí mo bá sọ pé wọ́n tún un ṣe dáadáa, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1987, iná ṣẹ́yọ lábẹ́ àtẹ̀gùn kan ní ibùdókọ̀ King's Cross, àtẹ̀gùn onígi tí ẹ̀rọ ń yí, tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ti kó jọ sábẹ́ rẹ̀, ènìyàn 31 sì bá a lọ. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n igi tiwọn ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gún wọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aláṣẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ohun tó lè gbiná kiri, ní ibùdókọ̀ àti nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń tú wọn kúrò. Mo mọ̀ pé àwọn olùfẹ́ ohun àtijọ́ sunkún ilẹ̀ onípákó tí wọ́n tú nígbà náà. Pákó igi maple ni, wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí omi òjò tó ń kán lára agbòjò àti bàtà lè ṣàn wọ inú ìlà náà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, bí bàtà sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń dán sí i. Ohun ẹlẹ́wà ni, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Síbẹ̀, bí mo bá wà nínú ìgbìmọ̀ tó dìbò, n ó dìbò pé kí wọ́n tú u, n kò sì ní sunkún.

Ní ọdún 1991 sí 1995 ni ilé iṣẹ́ Tickford tún àwọn ọkọ̀ Bakerloo ṣe, ní Rosyth ní Scotland, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ojú omi ṣe. Ọkọ̀ tó ti fi ara irin funfun rẹ̀ rìn láìkùn láti ọjọ́ tó ti dáyé ni wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, funfun àti àwọ̀ búlúù; wọ́n mú ohun tó ń gbiná kúrò, wọ́n tan iná inú rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun kan sílẹ̀, ohun náà ni mo sì fi ń gbóríyìn fún wọn: láàárín kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, wọn kò tú àwọn àga tó dojú kọ ara wọn, níbi tí ènìyàn mẹ́rin ti ń jókòó, méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, tí orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ní ojú ìrìn Piccadilly, nígbà tí wọ́n tún tiwọn ṣe láàárín 1996 sí 2001, irú àga bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tú, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ ti ògiri, kí èrò tó dúró lè pọ̀ sí i. N kò bá wọn jà, nítorí èrò tó ń ti Heathrow bọ̀ pẹ̀lú àpótí ńlá kò rí àyè gbà láàárín orúnkún mẹ́rin. Ohun tó yẹ níbì kan kò ní láti yẹ níbi gbogbo. Ìyá tó kó ọmọ méjì dání lọ sí Regent's Park ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò dúpẹ́ pé àwọn ti Bakerloo kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ìdí aṣọ orí àga díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù, àwa ọmọ Yorùbá kò sì ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ní nǹkan bí ọdún 1936, Christian Barman, tó ń bojú tó ìpolówó fún àwọn ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán tó gbọ́ iṣẹ́ láti ya bátànì aṣọ orí àga, Enid Marx sì wà lára wọn. Irun àgùntàn ló pọ̀ jù nínú òwú rẹ̀, wọ́n hun ún kó nípọn kó sì hu irun, wọ́n sì pa bátànì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn kó baà lè gba ìdọ̀tí mọ́ra kó má sì fi í hàn. Aṣọ tó wà lórí àga Bakerloo nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ Wallace Sewell ló ya bátànì rẹ̀, Barman náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó rí ilé agogo Big Ben, òrùlé bìrìkìtì ti St Paul's, afárá Tower Bridge àti àgbá London Eye tí wọ́n fara pa mọ́ sínú ìlà rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ yìí ti wọ oríṣiríṣi aṣọ láti ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ di ọkọ̀ mìíràn nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ fún àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ kò ní jẹ́ ara rẹ̀ mọ́ bí a bá pààrọ̀ nǹkan rẹ̀ ni pé, ohun tó pẹ́ níbẹ̀ ni àṣà pé kí aṣọ náà jẹ́ ojúlówó iṣẹ́ ọnà. Aṣọ fúnra rẹ̀ kì í pẹ́.

Ọkọ̀ mìíràn wà tó fi ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní erékùṣù Isle of Wight, ihò kan wà ní Ryde tí orí rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin gidi kò lè gbà á kọjá, nítorí náà, láti 1967, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kàn ní 1938, tí wọ́n pa iṣẹ́ tì ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988, ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì lò níbẹ̀ láti 1989 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021. Ẹ ronú rẹ̀ wò: ọkọ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń sáré lórí afárá inú òkun, tí iyọ̀ òkun ń jẹ irin rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wá láti ìlú gbogbo láti wò ó. Àwọn ará erékùṣù tó ń fi lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó, nítorí nígbẹ̀yìn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú àwọn ọkọ̀ náà tó ṣì lè rìn. Àwọn tó rọ́pò wọn, ọkọ̀ àlòkù náà ni, láti ojú ìrìn District tó fi wọ́n sílẹ̀ ní 2017. Ara alumíníọ́ọ̀mù wọn kò jẹrà, wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ abẹ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 2000. Èyí ni àtúnṣe tó ní láákàyè: wọ́n wo egungun kí wọ́n tó wo awọ.

Ní Buenos Aires, àwọn ọkọ̀ onígi tí wọ́n kàn ní Belgium, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1913, tí èrò ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn wọn, wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013. Ọgọ́rùn-ún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. N kò rí ẹni tó lè sọ pé wọn kò lẹ́wà, n kò sì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná tó lè sọ pé ó yẹ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tuntun nìkan ló ní ààbò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, mọ́tọ̀ já bọ́ lábẹ́ ọkọ̀ ojú ìrìn Central ní Chancery Lane, ọkọ̀ náà yẹ̀ kúrò lójú irin, wọ́n sì ti ojú ìrìn náà pa fún ohun tó lé ní oṣù méjì. Ọkọ̀ náà kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà, tí àgbà Bakerloo sì ń rìn lọ ní tirẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dẹ́kun wíwo abẹ́ rẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ Central yìí lọ́wọ́, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2023, fi ohun méjì tí mo fẹ́ràn kún un: mọ́tọ̀ mìíràn tí kì í tètè bàjẹ́, àti àyè fún kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n yọ àga kan kúrò kí ó tó lè wà. Àwọn kan ráhùn nítorí àga náà. Ẹni tí kò lè wọlé rárá kò ní àga tó ń ráhùn lé lórí.

Ìdájọ́ tèmi lórí ọkọ̀ 1972 nìyí. Wọ́n tún un ṣe dáadáa ní 1991 sí 1995. Wọ́n tún di irin rẹ̀ tó ń sán ní Acton ní ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí. Àtúnṣe ńlá mìíràn lórí ìwọ̀nyí yóò dà bí agbádá tí wọ́n lẹ̀ lórí ìlẹ̀pa, tí owó òwú ti ju owó aṣọ lọ. Kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ti bá ilé iṣẹ́ Siemens ṣe àdéhùn ní 2018 fún ọkọ̀ 94 fún Piccadilly, èyí tí ènìyàn lè rìn láti orí dé ìdí rẹ̀, tó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti wá àyè fún un. Ìrètí sì wà pé bí owó bá jáde, irú rẹ̀ ni yóò dé Bakerloo, bóyá kí ojú irin náà tilẹ̀ gba Old Kent Road kọjá lọ sí Lewisham bí ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ti wí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ará ìlú jọ láti wá sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́, ẹ má fi ìpàdé náà sílẹ̀ fún àwọn olùfẹ́ ohun àtijọ́ àti àwọn oníṣirò owó nìkan. Ẹ lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró nínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ibì kan fún àga tó dojú kọ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé aṣọ rẹ̀ fún ayàwòrán tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè àwọ̀ tí wọn yóò kùn ún, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara yóò gbà wọlé.