Kùkúḿbà ìdílé Boothby

 

Ní Livermore, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ìdílé Boothby tọ́jú irúgbìn kùkúḿbà kan láti ìran dé ìran. Ó kúrú, àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ funfun, ẹ̀gún dúdú wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Boothby's Blonde ni wọ́n ń pè é. Ká ní ìran kan jẹ gbogbo rẹ̀ tán láìfi irúgbìn pamọ́ ni, a kì bá tí mọ̀ ọ́n lónìí. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Irúgbìn rẹ̀ máa ń jọ ìyá rẹ̀, àfi tí oyin bá gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kùkúḿbà mìíràn wá bá a. Nítorí náà, ẹ má gbin oríṣi méjì sítòsí ara wọn.

Èyí tí a bá fẹ́ fi ṣe irúgbìn, a kì í ká a ní tútù. Ẹ jẹ́ kó gbó, kó pọ́n lórí ìtàkùn. Ẹ wá ha inú rẹ̀ sínú omi, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ohun yíyọ̀ tó bo irúgbìn rẹ̀ lè rà kúrò. Àwọn ìyá wa tó ń jẹ́ kí bàrà ẹ̀gúsí rà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Irúgbìn tó ṣófo máa ń léfòó. Ẹ dà á nù. Ẹ sá ìyókù síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Tó bá gbẹ dáadáa, ó lè lo ọdún 5 kó sì tún hù. Ẹ kọ ọdún tí ẹ kó o sára àpò rẹ̀.