Òjò Kan Kì Í Ṣe Àkókò Òjò

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ jọ́gíráfì kan bá àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn òbí wọn sọ ní ibùdó àgbẹ̀ wa

Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ojú ọjọ́, nítorí ó wà nínú ìdánwò wọn. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn òbí náà wá, nítorí pé ohun tí àwọn ọmọ ń kà nínú ìwé yìí, bí àgbẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, irúgbìn ni yóò fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé òkè Odò Ọya níhìn-ín, mo gba oko díẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ìtòsí Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ní ìparí oṣù kẹta, òjò ńlá kan rọ̀ pẹ̀lú ìjì. Mo ní àkókò ti tó. Mo gbin gbogbo irúgbìn àgbàdo tí mo ní. Àwọn Tápà tí oko wọn bá tèmi pààlà ń wò mí. Wọn kò gbin nǹkan kan. Òjò náà kò padà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo tí ó hù gbẹ, ẹyẹ sì ṣa èyí tí kò hù jẹ. Mo tún irúgbìn rà, mo tún un gbìn. Èyí yè, ó sì gbó ní oṣù kẹjọ. Mo wá ń retí pé òjò yóò dá díẹ̀, kí n lè kórè kí n sì sá àgbàdo mi, bí a ti ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni òjò ń rọ̀. Ìdajì àgbàdo náà bù lójú mi.

Ọdún náà kò burú. Èmi ni mo gbé ìṣirò oṣù ti ilé wá sí ilẹ̀ ibòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ èyí sílẹ̀. Ohun tí ìwé yín ń pè ní weather ni ojú ọjọ́. Bí ó ti rí ní ibì kan lónìí ni: ooru tàbí òtútù, òjò tàbí oòrùn, ìkúùkù, agbára afẹ́fẹ́ àti ibi tí ó ti ń fẹ́ wá, àti bí omi ti pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ náà. Èyí tí ìwé yín ń pè ní climate ni ìwà ojú ọjọ́ ibẹ̀, èyíinì ni ohun tí a rí níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀. Onísùúrù lè bínú lọ́jọ́ kan, a kì í torí ìyẹn pè é ní oníbìínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò kan kò sọ oṣù kẹta di àkókò òjò.

Níbo ni òjò ti ń wá? Bí ìyá yín bá ń se ọbẹ̀, tí ó ṣí ọmọrí ìkòkò, ẹ ó rí omi tí ń kán lábẹ́ ọmọrí náà. Ooru ló gbé omi sókè. Ọmọrí tí kò gbóná tó o ló sọ ọ́ di ẹ̀kán. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń ṣe sí omi òkun, omi odò àti omi ara ewéko. Bí afẹ́fẹ́ olómi ti ń gòkè ni ó ń tutù, ó di ìkúùkù, nígbà tí ẹ̀kán bá sì wúwo, ó di òjò.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ Nàìjíríà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó sì ru eruku. Òun ni ọyẹ́. Ààlà àwọn méjèèjì ń tẹ̀lé oòrùn kiri. Ní oṣù kìn-ín-ní, ó wà nítòsí etí òkun, ọyẹ́ sì gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Nàìjíríà lọ sí òkè. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ òkun ń tètè dé gúúsù, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Ó ń pẹ́ kí ó tó dé àríwá, ó sì ń tètè kúrò. Ìdí nìyẹn tí Kàlàbá fi ń rí ju milimita 2,500 òjò lọ́dún, tí ti Maiduguri kì í sì í sábà tó 700.

Kí afẹ́fẹ́ òkun yìí tó rinlẹ̀, òjò oníjì tí ń ti ìlà-oòrùn wá la máa ń rí. Ó lè rọ̀ sí abà kan kí ó fo èkejì. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ni mo gbìn sí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù. Òjò tí Ìbàdàn ń rí lọ́dún àti èyí tí Bídà ń rí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Méjèèjì ju milimita 1,000 lọ. Ìpín rẹ̀ ni kò bára mu. Ní Ìbàdàn, òjò ń pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní nǹkan bí oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, ó sì ń dá díẹ̀ láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìhà Bídà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Oṣù kẹjọ àti kẹsàn-án gan-an ni òjò pọ̀ jù, kí oṣù kẹwàá sì tó parí, ó ti ń lọ. Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo kejì ní ìparí oṣù kẹjọ, ìgbà tí àgbàdo rẹ̀ bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni òjò yóò dá a dá ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òjò ibì kan pọ̀, ẹ bi í pé ìgbà wo ni ó ń rọ̀.

Ìwà ojú ọjọ́ pàápàá kì í ṣe ìlérí. Ọ̀dá mú ní òkè ọ̀hún ní 1972 àti 1973, ó tún mú ní 1983. Ayé sì ti ń gbóná sí i láti ìgbà náà. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ bóyá ọdún kan ló ṣàìsàn, tàbí ìwà ibẹ̀ ló ń yí padà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ ti ibùdó yìí. Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní gbangba, kí ó jìnnà sí igi àti òrùlé, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ sókè. Ní àràárọ̀, ní aago kan náà, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀. Ẹ rí i pé òǹkà rúlà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Òdo náà jẹ́ ẹ̀rí. Milimita kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Bí milimita 20 bá rọ̀ sórí hẹ́kítà kan, lítà 200,000 nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbin gbogbo irúgbìn yín sí òjò kan. Ẹ jẹ́ kí òjò tẹ̀lé òjò; ẹ fi ọkọ́ wú ilẹ̀ wò bóyá ọ̀rinrin ti wọ ìsàlẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ohun tí NiMet, àjọ ìjọba fún ojú ọjọ́, ń kéde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tí a bá níbí. Èmi kò béèrè ní ọdún tí mò ń wí yẹn. Nígbà tí mo wá béèrè lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, bàbá Tápà tí oko wa pààlà rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé tíṣà mọ ohun tí òun kò mọ̀ ni.

Òjò yóò rọ̀ sí oko wa, kò ní ba ilé wa jẹ́.