Kí Òjò Tó Dé: Ohun Tó Ń Jẹ́ Kí Omi Ba Ilé àti Ọjà Wa Jẹ́, àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

  

Àwa ìgbìmọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀. A ti sọ̀rọ̀ lórí owó èyáwó rí, a ti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ìwé ọjà. Lónìí, omi la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan omi nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó kàn án gan-an ni. Púpọ̀ nínú wa, ilé là ń kó ọjà sí. Yàrá tí a ń sùn ni àpò gaàrí wà, ibẹ̀ náà ni èlùbọ́, ẹ̀pà àti àǹkárá wà. Bí òjò bá wọlé lóru, tó rin àpò gaàrí 5, ọjà ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ tí a fi rà á kò bá òjò lọ. Ìparí oṣù á dé, akọ̀wé á ṣí ìwé, orúkọ wa á wà níbẹ̀, àwọn onídùúró wa á sì máa wò wá lójú.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Orí òwe yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó. Bí òjò bá rọ̀ dé ìwọ̀n mìlímítà 1, lítà omi 1 ló bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 10, tó gùn ní mítà 10, tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé lórí, lítà 5,000 ló gbà sórí. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ọ̀nà 200 nìyẹn! Ibo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ? Bí a ò bá la ọ̀nà fún un, á la ọ̀nà fún ara rẹ̀.

ÈKÍNÍ: ÒRÙLÉ. Ibi tí omi ti ń kọ́kọ́ wọlé nìyí. Páànù á dógùn-ún, ìṣó á yọ, igi abẹ́ rẹ̀ á jẹrà. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin á wá gbé èyí tí kò dúró dáadáa. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ká yẹ òrùlé wò. Ẹ wọ yàrá lọ́sàn-án, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ wòkè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni omi á gbà. Bí sílìn bá wà, àbàwọ́n tó wà lára rẹ̀ lè máà bọ́ sí abẹ́ ihò gan-an, nítorí omi máa ń tọ igi lọ kó tó kán sílẹ̀. Kí kápẹ́ńtà tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sókè.

Bí ẹ bá ń kan páànù tuntun, ẹ dúró ti kápẹ́ńtà. Orí ibi tó ga lára páànù ni kó kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀, torí inú kòtò ni omi ń ṣàn gbà. Kó lo ìṣó tó ní rọ́bà lábẹ́ orí. Kí páànù méjì gun ara wọn dáadáa, kó má jẹ́ fẹnu-ko-fẹnu. Ihò kékeré, ẹ lè fi aṣọ àti kòtá dí i, ṣùgbọ́n páànù tó ti jẹ tán, pípààrọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ gun òrùlé tó tutù. Ẹ̀mí ju páànù lọ.

ÈKEJÌ: ÒGIRI ÀTI ÌPÌLẸ̀. Ilé amọ̀ ṣì pọ̀ ní agbo ilé wa, ilé tó dára ni, ó tutù. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi tó ń ta sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa já sílẹ̀, á máa ta sára ògiri, amọ̀ á rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ògiri á fi wó lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí páànù yọ jáde dáadáa kọjá ògiri. Kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, ká sì ṣe kọnkéré yí ilé ká, kó dà sí ìta, kí omi má padà sẹ́yìn. Ẹ má da omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Díẹ̀díẹ̀ lòun náà fi ń jẹ ẹ́.

Ilé búlọ́ọ̀kù náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀dà ń ṣí nísàlẹ̀ ògiri, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń jáde, omi inú ilẹ̀ ló ń gun òkè. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, kó gbé ìpìlẹ̀ sókè, kó sì sọ fún bíríkìlà kó tẹ́ nylon tó nípọn sílẹ̀ kó tó da kọnkéré. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó ju kí a máa kun ọ̀dà lọ́dọọdún.

Ẹ̀KẸTA: GỌ́TÀ ÀTI ÀGBÀRÁ. Àwọn òkè tó yí Ìkìrun ká, àpáta ni. Àpáta kì í mu omi. Ohun tó bá bọ́ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Bí ó bá dé tó bá gọ́tà tó kún fún nylon omi pure water, inú ilé ló máa yà sí. Àwa tó wà ní Òkukù àti Inísà náà, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún Odò Ọ̀tìn àti àwọn ìṣàn kéékèèké. Ká má kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ìlú Ìbàdàn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní mìlímítà 180 tún rọ̀ níbẹ̀. Lórí ilé tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 700. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò àti ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á. Ní ọdún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa.

Lọ́dọọdún, àjọ NiMet máa ń sọ bí òjò ṣe máa rí, àjọ NIHSA sì máa ń kéde ibi tí omíyalé lè dé. Ẹ máa gbọ́ ọ lórí rédíò. Ká kó gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ká tún un kó ní oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, torí òjò oṣù kẹsàn-án máa ń le. Ìdọ̀tí tí a bá kó jáde, ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ á dá a padà.

Ẹ̀KẸRIN: PÁÌPÙ ÀTI TÁǸKÌ. Kì í ṣe òjò nìkan. Àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ẹ̀rọ omi sínú ilé. Páìpù tó ń jò nínú ògiri, ojú kì í rí i. Lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ, ẹ sàmì sí ibi tí omi táǹkì dé. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ láàárọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan omi, ó ń jò níbì kan. Ẹ pe pọ́ńbà. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ ọjà.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: ỌJÀ INÚ ILÉ. Ẹ má gbé àpò lélẹ̀ lásán. Ẹ to pákó sílẹ̀, kí ẹ gbé àpò lé e, kó sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Pásíbúùkù àti ìwé ilé, ẹ fi nylon dì wọ́n, ẹ gbé wọn sókè.

Bí omi bá ti wọlé ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ pa iná mànàmáná níbi kọ́ọ̀tìàátì, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá wà nínú omi, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ẹní àti tìmùtìmù jáde sóòrùn. Bí àgbàrá bá wọ kànga, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè é, nítorí kọ́lẹ́rà. Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí le díẹ̀: ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tó bá ti bu, ẹ má sá a kí ẹ tún tà á. Májèlé wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á. A mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló máa jẹ ẹ́.

Níkẹyìn, àbá wa rèé. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, kí ẹgbẹ́ máa fún ọmọ ẹgbẹ́ ní èyáwó kékeré fún àtúnṣe òrùlé, kó yàtọ̀ sí owó ọjà. Kí a tò ó pẹ̀lú ìbẹ̀wò: kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó jọ ń gbé àdúgbò kan máa bá ara wọn yẹ ilé wò. Ọ̀pọ̀ opó àti ìyá àgbà ló wà láàrin wa tí kò sí ẹni tí yóò bá wọn wòkè. Ọjà tó bà jẹ́ nílé ẹnì kan, àpò gbogbo wa ló kàn. A ó gbé àbá yìí wá sí ìpàdé, ẹ wá ronú sí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣe òfò, ilé wa kò ní wó, ọjà wa á máa tà.